Àáró tí Alága Gbà

Ìlálékè wà láàárín Ìkọ̀lé àti Ìtapàjí. Ẹni tó bá ń wá a lórí máàpù, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, nítorí àwọn tó ya máàpù kò dé ibẹ̀, àwọn oníná mànàmáná náà kò sì tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba dé ibẹ̀ dáadáa. Ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí àwọn ṣọ́jà padà sí bárékè, nígbà tí àkókò àwọn alága tí a dìbò yàn parí, ìjọba fi alága fìdíhẹ kan ránṣẹ́ sí ìlú náà. Orúkọ rẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Ìbíkúnlé.

Ẹ jọ̀ọ́, a kì í pe orúkọ yẹn ní ìhòhò báyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ fún un. Olóyè Onímọ̀-Ẹ̀rọ Ọlọ́lá Ọbáfẹ́mi Ìbíkúnlé, Òpó Tí Ìjọba Àwa-ara-wa Fẹ̀yìn Tì, Alága Aláṣẹ Ìlálékè àti Gbogbo Agbègbè Rẹ̀. Àwọn aláròká kan máa ń bèèrè pé ẹ̀rọ wo gan-an ni ọ̀gbẹ́ni yìí mọ̀, nítorí jẹnẹrétọ̀ tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó dé, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bu epo sí i. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àròká yẹn. Mo kàn ń sọ ohun tí wọ́n sọ ni.

Ìgbà tí Alága bá dé ọ́fíìsì láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnì kan yóò gba báàgì, ẹnì kan yóò gba fìlà, ẹnì kẹta kò ní ohun tí yóò gbà, yóò kàn máa sáré lọ níwájú bí ẹni ń lé adìyẹ. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni Ayọ̀kúnlé yóò wà, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì lórí Ìpàtẹ́wọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ipò tó ní owó oṣù àti mọ́tò ni. Ayọ̀kúnlé ló pín àtẹ́wọ́ ìlú sí ìsọ̀rí: kékeré fún ìgbà tí Alága bá sín, alábọ́dé fún ìgbà tí ó bá dá àpárá, ńlá fún ìgbà tí ó bá mẹ́nu kan ara rẹ̀. Ńlá ni wọ́n ń pa láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Gbogbo èyí ì bá máa lọ bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà, bí kì í bá ṣe pé àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ òṣèlú ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ní àjọ kan ń bọ̀ láti Àbújá. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti wo bí àwọn ìlú ṣe ń kóra jọ, kí ìjọba àwa-ara-wa lè ta gbòǹgbò, kí àwọn onífìlà irin má tún rí ojú ihò tí wọn yóò gbà wọlé. Ìbò ìjọba ìbílẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bí àwọn àlejò bá rí i lóòótọ́ pé àwọn ará ìlú wà lẹ́yìn Alága, òun ni ẹgbẹ́ yóò fà kalẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ojú ẹsẹ̀ ni Alága ti ń rí ara rẹ̀ lórí àga yẹn fún ọdún mélòó kan sí i. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn ṣe ń kó ìlú jọ? Ó ro ó títí, ó wá rí i pé ohun tí kò bá ya, a kì í so ó pọ̀. Ìlálékè nílò ìjà.

Ó pe àgbẹ̀ méjì tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún. Èkíní ni Yáyà, bàbá kan tó máa ń jókòó ní sáàfù iwájú ní mọ́ṣáláṣí. Èkejì ni Adéwùnmí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí ohùn rẹ̀ máa ń borí ti dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Alága wí pé, “Ẹ̀yin àgbà ọlọ́lá, ẹ̀yin igi tí ìlú ń sá sí abẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni mo torí rẹ̀ pè yín. Mo fẹ́ kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ìlú yìí ja ìjà díẹ̀. Kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni yóò fara pa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, èmi yóò sì wá là á ní ọjọ́ tí àwọn àlejò bá dé.”

Ayọ̀kúnlé pa àtẹ́wọ́ ńlá.

Yáyà wo Adéwùnmí, Adéwùnmí wo Yáyà. Yáyà ní, “Alága, kí ni a ó máa jà sí?”

“Ohunkóhun. Ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Òmìnira ni ìjọba àwa-ara-wa.”

Adéwùnmí họ orí. “Ó le díẹ̀ o. Àbúrò mi obìnrin ló wà lúlé Yáyà. Bí mo bá bá a jà lí Ọjọ́ Ajé, ta ni yóò fún mi lí ẹran lí ọjọ́ Iléyá?”

Yáyà ní, “Èmi náà, ulé rẹ̀ ni mo ti ń jẹ uyán Kérésìmesì láti ugbà tí mo ti gbé àbúrò rẹ̀ níyàwó. Alága, ẹ jẹ́ á wá uṣẹ́ mìíràn ṣe fún un yín.”

Bí ìjà ṣe wọ́n ní Ìlálékè nìyẹn. Alága bínú sí wọn pé wọn kò ní ẹ̀mí ìdàgbàsókè. Ó wá pinnu pé òun yóò pe ìpéjọpọ̀ ńlá, kí àwọn àlejò bá ogunlọ́gọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba wà lẹ́yìn ọ́fíìsì rẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì dára, àmọ́ igbó ti bò ó débi pé ewúrẹ́ tó bá wọ ibẹ̀, olówó rẹ̀ yóò kàn gba kádàrá ni. Agbaṣẹ́ṣe tó bá máa ṣán an yóò gba owó, owó tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún un ti di bàtà lẹ́sẹ̀ Alága.

Nígbà tó délé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà fún ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀dé. Ọmọ bíbí Ìlálékè ni Bọ́sẹ̀dé, ọmọ àgbẹ̀ sì ni. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, láti ọ́fíìsì kan ló sì ti ń bọ́ sí òmíràn. Ohun tó mọ̀ nípa iṣu ni pé ó máa ń wà lábẹ́ ọbẹ̀.

Bọ́sẹ̀dé ní, “Bẹ ọ̀wẹ̀. Gbogbo ìlú yóò jáde bá ọ ṣán an láàárín ọjọ́ kan. Ìwọ yóò sì bọ́ wọn yó. Màlúù kan lè tó, pẹ̀lú ẹmu àti gúgúrú tí wọn yóò kọ́kọ́ fi panu.”

Alága fọwọ́ kan àpò rẹ̀. “Ṣé kò sí irú èyí tí kò ní màlúù nínú?”

“Àáró nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ a ṣe oko tìrẹ lónìí, wọ́n a ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Kálukú ló ń gbé oúnjẹ rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n ìwọ náà yóò gbé ọkọ́ lọ sí oko wọn o. Ẹni tó bá gba àáró tí kò san án, wọn kì í dá a lóhùn mọ́ ní ìlú yìí.”

Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Bọ́sẹ̀dé, ta ni yóò dé iwájú odidi Alága kó ní kó wá kọ ebè?”

Ìyàwó rẹ̀ lọ bu omi mu. 

Lọ́jọ́ ọjà, Alága dúró lórí mọ́tò akẹ́rù kan, ó di gbohùngbohùn mú. “Ẹ̀yin ọmọ Ìlálékè tí oòrùn ń kí kó tó kí ẹlòmíràn, kí ni ìjọba àwa-ara-wa? Àwọn òyìnbó kọ ìwé títí lórí rẹ̀, wọn kò rí ìdáhùn. Èmi rí i. Àáró ni. Èmi Ọbáfẹ́mi, lónìí, mo pè yín sí àáró. Bí ẹ bá ṣe é fún mi lẹ́ẹ̀kan, èmi yóò ṣe é fún yín lẹ́ẹ̀mejì.”

Ariwo tó sọ lọ́jà lọ́jọ́ náà, Ayọ̀kúnlé kọ́ ló dá a sílẹ̀. Òun gan-an jókòó sílẹ̀, ó la ẹnu. Àwọn ènìyàn ń dì mọ́ ara wọn. Alága rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà àgbẹ̀ yóò ti mọ ohun tó ń dùn mọ́ wọn. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, iṣu ti ń yọ ojú ní àká, ebè kò sì tíì sí nílẹ̀, nítorí gbogbo ọ̀dọ́ ti lọ wá iṣẹ́ sí Adó àti Èkó. Wúràọlá, opó kan tó ń dá oko ọkọ rẹ̀ ṣe láti ìgbà tí ọkọ náà ti kú, ló kọ́kọ́ la ojú àwọn yòókù.

Ó ní, “Ẹ wo iye ènìyàn tó ń jẹun lí ọwọ́ Alága. Olùdámọ̀ràn, awakọ̀, àwọn tó ń gba báàgì, àwọn tó ń sáré níwájú. Gbogbo wọn ló sanra. Bí wọ́n bá wọ oko mi lí ujọ́ kan, ebè ó parí. Ó tún ní lẹ́ẹ̀mejì o.”

Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n dá pé, ìlú kò gbélé. Mùsùlùmí wá, Kìrìsìtẹ́nì wá, àwọn ará abúlé tí Alága kò mọ orúkọ wọn náà gbé àdá wá. Wọ́n ṣán igbó, wọ́n hú gbòǹgbò, wọ́n sun pàǹtí. Alága jókòó lórí àga tìmùtìmù lábẹ́ agboòrùn, ó ń juwọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ àtàrí, ilẹ̀ náà ti mọ́ rekete.

Alága sọ fún Ayọ̀kúnlé pé, “O rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi? Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi.”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn géètì rẹ̀. Yáyà ló ṣíwájú, Wúràọlá tẹ̀ lé e, èrò tó kù sì tò lọ dé títì. Kálukú gbé ọkọ́ lé èjìká.

Yáyà ní, “Alága, a kú ojúmọ́. Wúràọlá ló kàn. Oko rẹ̀ kò jìnnà, a ó dé ibẹ̀ kí oòrùn ó tó mú.”

Alága kọ́kọ́ rò pé wọ́n wá dúpẹ́ ni. Nígbà tó yé e, ó wọlé lọ, ó sì rán Ayọ̀kúnlé àti ẹgbẹ́ olùdámọ̀ràn jáde ní ipò rẹ̀. Wọn kò rí àyè pààrọ̀ aṣọ. Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó: àwọn olùdámọ̀ràn tó wọ kóòtù, tí bàtà wọn ń dán, tí wọ́n tò sí orí ilẹ̀ tútù bí ẹni fẹ́ ya fọ́tò. Olùdámọ̀ràn lórí Ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀ bèèrè pé apá ibo ni a ti ń di ọkọ́ mú. Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ìlera rí kòkòrò kan, ó ní àyà òun ń já. Ayọ̀kúnlé gbìyànjú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó kọ ebè kan. Nígbà tó fà sẹ́yìn wò ó, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀, ebè náà sì wó. Kó tó di ọ̀sán, kò sí ẹnì kan nínú wọn lóko mọ́.

Wúràọlá jókòó sórí ilẹ̀ tí wọn kò kọ. Ó dùn ún gan-an, nítorí ó ti gbé iṣu sílẹ̀ de wọn. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kọ ìwọ̀nba tí agbára wọn gbé, kálukú sì ní oko tirẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún lọ kan géètì. Ìwé ni wọ́n bá lára rẹ̀. Alága ti ṣòfin. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun fòfin de àáró ní gbogbo agbègbè Ìlálékè nítorí ààbò ìlú, àti pé gbogbo àáró tí ẹnikẹ́ni bá jẹ òun ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí òun jẹ ti parẹ́. Ọba kan kò ṣe irú rẹ̀ rí. Àwọn ṣọ́jà pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ìbọn wọn, kò ronú kan àáró.

Ìlú gbóná. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n péjọ sí ojúde ilé Wúràọlá. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ yọ táyà mọ́tò Alága. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ máa kọrin èébú lẹ́nu géètì. Adéwùnmí ní kí wọ́n lọ fẹjọ́ sùn ní Adó, Yáyà ní ta ni yóò gbọ́ ọ níbẹ̀, ẹnu wá ń kọjá ẹnu. Wọ́n fún ẹni tó ń kánjú láyè, wọ́n fún ẹni tó ń kólòlò láyè. Nígbà tó kan Wúràọlá, ó dìde.

Ó ní, “Ẹ má na ẹnikẹ́ni. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Òógùn wa ló wà lí ulẹ̀ yẹn. Bí kò bá san án, ẹ jẹ́ á lọ kó òógùn wa. Ulẹ̀ tó mọ́ báyẹn, ṣé àga la ó gbìn sí i?”

 Yáyà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rọra bẹ̀rẹ̀, kò sì lè dáwọ́ dúró mọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Adéwùnmí kò nawọ́, ó ní ilẹ̀ ìjọba ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọwọ́ àwọn tó nà pọ̀ ju tàwọn tí kò nà lọ, ó ní òun yóò gbé ọkọ́ méjì wá.

Ọjọ́ tí àwọn àlejò ń bọ̀, Alága jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ó wọ agbádá, ó bọ́ ọ, ó wọ òmíràn. Ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò níwájú dígí, Ayọ̀kúnlé sì ń pàtẹ́wọ́ fún dígí. Àwọn tó fẹ́ ta tàpólì wá sọ fún un pé ènìyàn ti kún ilẹ̀ náà fọ́fọ́ láti àárọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ó dé pẹ̀lú fèrè mọ́tò. Ó sọ̀kalẹ̀, ó na apá méjèèjì, ó sì la ẹnu láti kí ogunlọ́gọ̀. Ebè ló rí. Ebè láti ẹ̀yìn ọ́fíìsì rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ odò, wọ́n tò gún régé, wọ́n ti gbin iṣu sí inú wọn, wọ́n sì ti fi ewé bo orí wọn. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè ta tàpólì sí, kò sí ibi tí àga tìmùtìmù lè dúró sí. Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀ tí ẹrẹ̀ bò wọ́n dé orúnkún, inú wọn sì dùn.

Ibẹ̀ ni mọ́tò àwọn ará Àbújá bá wọn. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mísìs Faith ló ṣáájú wọn, àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ òṣèlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ebè, ó wo èrò, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, “Láti ìgbà tí a ti ń lọ káàkiri, abẹ́ tàpólì la ti ń bá àwọn ènìyàn tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wá. Ta ló kó àwọn wọ̀nyí jọ?”

Ẹ ò mọ Alága tán bí ẹ bá rò pé ojú tì í. Ó gbọn agbádá rẹ̀. “Èmi ni. Ètò Oúnjẹ fún Ìjọba Àwa-ara-wa ni a ń pè é. Mo ti ń gbèrò rẹ̀ láti kékeré.”

Yáyà súnmọ́ ọn, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún àlejò. “Òótọ́ ni Alága ń sọ, ìyá. Àwọn ló kọ́kọ́ pè wá sí àáró. A ti ṣe tiwọn. Ó wá kù kí àwọn náà ó ṣe tiwa, ẹ̀yin náà ẹ ó sì rí i lójú yín.” Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na ọkọ́ sí Alága.

Wọ́n ń ya fọ́tò. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ ń wò. Alága gba ọkọ́. Ó ká agbádá sí èjìká, agbádá jábọ́. Ó tún un ká, ó tún jábọ́. Ó tẹ̀ ba, ó wú ilẹ̀ díẹ̀, ó sì tẹ agbádá ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ náà, ó wá ṣubú láàárín poro. Fìlà rẹ̀ yí lọ dé ẹsẹ̀ Mísìs Faith. Àṣà tó ti mọ́ Ayọ̀kúnlé lára mú un, ó pàtẹ́wọ́, èyí tó jẹ́ ńlá.

Ìgbà yẹn ni ìlú tó rẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀dé wà láàárín wọn, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ló lọ fà á dìde.

Mísìs Faith jókòó sórí igi kan pẹ̀lú Wúràọlá, wọ́n sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ kò bá Alága sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti gbọ́ ẹni tó dá ìmọ̀ràn ebè náà, wọ́n sì ti rí ẹni tí ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀. Wúràọlá ni wọ́n wá bẹ̀ pé kó dupò. Ó ní kí wọ́n lọ bi ìlú, ìlú sì nawọ́. Nígbà tí ìbò dé, òun ló wọlé, ìjókòó àkọ́kọ́ tó ṣe ló sì fi fa òfin àáró ya.

Ọbáfẹ́mi Ìbíkúnlé wá di ara ìlú bíi tiwa. Oṣù kan péré ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó kí ènìyàn, wọn kò dáhùn. Ó ra àkàrà, wọ́n ta á fún un láìsọ̀rọ̀. Bọ́sẹ̀dé wá bá a ra ọkọ́ tuntun. Láti oko kan dé òmíràn ló ń lọ báyìí, ó sì ti ń mọ ọ́n ṣe. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti yi. Nígbà tó di ìgbà ebè ọdún kejì, òun àti Yáyà jọ ń kọ ebè ní poro kan náà, ó sì rò pé àsìkò ti tó láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, ìbò mìíràn ń bọ̀. Mo ti yí padà, ẹ̀yin náà rí i. Ṣé ìlú lè gbé mi padà sórí àga yẹn?”

Yáyà kò dá iṣẹ́ dúró. “Ọbáfẹ́mi, o ti ṣe dáadáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọ́kọ́ gba tìrẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àáró, ṣe ni í dúró kó kárí gbogbo ènìyàn kó tó tún kàn án.”

“Èèyàn mélòó ló kù?”

Yáyà nà ró, ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó sì wo oko náà yí ká. Gbogbo Ìlálékè ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú àwọn ará abúlé, láti ẹsẹ̀ òkè dé etí odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń kọ ebè.

Ọbáfẹ́mi náà wò wọ́n. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tún tẹ̀ ba.